Àpótí Tó Ń Béèrè Lẹ́ẹ̀mejì

Bó ṣe kọ́kọ́ rí i nìyí: ọkùnrin gíga kan dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ wọn, òjò ti pa á débi pé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì gbá pépà kan tí ó fi láílọ́ọ̀nù wé mọ́ àyà. Gbogbo ara rẹ̀ ló tutù. Pépà yẹn nìkan ni òjò kò kàn. Ó wo tábìlì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, wọ́n sì dá a lóhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ta ló ń tọ́jú àpótí irinṣẹ́ nínú yín?"

Àyà ọmọbìnrin tó jókòó sídìí fèrèsé là gàrà. Òun ni.

Ẹ má tíì fi í ṣẹ̀sín o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àpótí náà jẹ́, ẹ óò rí ìdí tí ara rẹ̀ fi bù máṣọ. Kì í ṣe àpótí onígi. Kóòdù ni, ohun tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń pè ní láíbírárì. Bí ètò kan lórí ayélujára bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ètò mìíràn, yóò kọ ìbéèrè, yóò fi ránṣẹ́, yóò dúró de èsì. Bí èsì bá pẹ́ jù, yóò tún ìbéèrè náà rán. Iṣẹ́ kan náà ni níbi gbogbo, ó sì máa ń sú èèyàn láti kọ ọ́ lákọ̀tun. Ọmọbìnrin yìí wá jókòó ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ó kọ ọ́ dáadáa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní èdè JavaScript, ó kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá mú un lò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n sì mú un. Ilé ẹ̀kọ́ mú un, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ mú un, àwọn tí kò mọ̀ rí mú un. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará yàrá iṣẹ́ fi ń pè é ní Ìyá Àpótí, bẹ́ẹ̀ kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Nígbà kan inú rẹ̀ máa ń dùn sí oyè náà. Àmọ́ ní ọdún tó kọjá, ó yí ìlà mẹ́ta péré padà nínú àpótí, ó gbé ẹ̀dà tuntun síta, ó sì lọ jẹun ọ̀sán tẹ̀rín tẹ̀rín. Kí ó tó padà dé, ibi orí ayélujára tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ti ń wo èsì ìdánwò wọn ti dákú. Odidi ọjọ́ kan ni àwọn ọmọ fi sunkún, odidi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn òbí wọn fi bú u. Ẹnì kan tí kò rí i rí kọ̀wé sí i pé ọwọ́ tó fi kọ kóòdù náà yóò rọ. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ àpótí, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Kò sí níbí," ó sọ fún ọkùnrin náà. "Ó ti jáde."

Ayàwòrán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ya ojú ewé fún àwọn oníbàárà, gbójú sókè láti tábìlì kejì, ó wò ó tìyanutìyanu. Ó padà sídìí àwòrán rẹ̀. Ọ̀rẹ́ gidi ni.

"Háà," ọkùnrin náà ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí wọn, wọn ò fèsì. Mo ní kí n kúkú fẹsẹ̀ ara mi rìn wá. Ṣé ẹ lè bá mi fún wọn ní èyí?" Ó tú láílọ́ọ̀nù, ó tẹ́ pépà náà sórí tábìlì. Ó ti fi pẹ́ńsù ya dókítà sí apá kan, ilé ìpoògùn sí apá kejì, pẹ̀lú ọfà méjì láàárín wọn. "Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo kọ ètò tí dókítà fi ń sọ oògùn aláìsàn fún ilé ìpoògùn, àpótí yín... àpótí wọn ni mo sì fi kọ ọ́. Ó dára gan-an ni. Àmọ́ ẹ wò ó. Dókítà tẹ bọ́tìnì, ìbéèrè dé ilé ìpoògùn láyọ̀, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì falẹ̀, èsì ò tètè padà. Àpótí rò pé ìbéèrè ti sọnù, ó tún un rán. Ilé ìpoògùn á wá gba oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì fún aláìsàn kan ṣoṣo."

"Ṣé ó ti ṣe ẹnikẹ́ni?" Ìyá Àpótí bi í.

"Rárá o. Mo rí i nígbà tí mò ń dán ètò náà wò ni. Mo ti ní kí wọ́n máa fojú ṣọ́ ọ ní ilé ìpoògùn, àmọ́ ojú máa ń rẹ èèyàn. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn, kó tó ṣe ẹnì kan." Ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó sì bá àtẹ̀gùn lọ.

Ìyá Àpótí wo pépà náà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Òótọ́ lọkùnrin náà sọ.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ó tún dé, ó tún ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹni tó ń tọ́jú àpótí ti dé?"

"Wọn ò tíì dé."

Ó fa àga kan, ó jókòó. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Ibo ni wọ́n máa ń lọ gan-an, tí wọ́n máa ń fi tábìlì wọn, àga wọn àti kọ̀ǹpútà wọn sílẹ̀ fún yín?"

Ayàwòrán bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn. "Ó parí! Àṣírí tú!"

Ojú ti Ìyá Àpótí, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ọkùnrin náà ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo àwọn yòókù ń wo èmi tí òjò pa. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń wo pépà."

"Ẹ má bínú."

"N kò bínú. Ẹ̀rù ló ń bà yín."

Kò sí ẹni tó ti sọ ọ́ sí i lójú bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n á ní ó lọ́ra, wọ́n á ní ó gbéraga, wọ́n á ní kì í fèsì lẹ́tà. Ọkùnrin olómi òjò yìí wá sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń sọ pé ata ta sí ọ lójú. Ìyá Àpótí rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sí i lójú, ó sọ ìtàn ìdánwò àwọn ọmọ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ṣèlérí pé òun yóò tún àpótí ṣe.

Láti ọjọ́ náà ni Ayàwòrán ti sọ ọkùnrin náà ní Onípépà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Kò wá nítorí àpótí mọ́. Ó ń wá ní ọ̀sán pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹyin, ó ń wá nírọ̀lẹ́ láti sìn ín dé ibi tó ti ń wọkọ̀. "Ẹ" di "o" láàárín wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kéde rẹ̀.

"Kí ló dé tí o kì í gun lífítì?" ó bi í lọ́jọ́ kan. "Àjà kẹrin la wà, lójoojúmọ́ lò ń dé síbí bí ẹni tí ajá lé."

"Ẹ̀rù ń bà mí." Kò tijú rárá. "Mo há sínú ọ̀kan nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Wákàtí mẹ́ta gbáko. Kò sí iná, kò sí afẹ́fẹ́."

"Ìwọ! Ìwọ tí ò ń bá dókítà àgbà jiyàn lórí oògùn!"

"Èmi náà o, ọkàn mi. Má sọ fún ẹnikẹ́ni, wọn ò ní í bẹ̀rù mi mọ́ níbi iṣẹ́."

Ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀gbẹ́ ń dùn ún. Ìfẹ́ ọkùnrin yìí ti wọ̀ ọ́ lára. Bó bá pẹ́ kó tó dé, kò ní lè jókòó. Bó bá dé, gbogbo ara rẹ̀ á balẹ̀. Ìyẹn sì tún dẹ́rù bà á, nítorí ohun tí èèyàn fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ohun tó ṣe, kí ẹ tó máa fẹ́ràn rẹ̀ jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré ló ti parí àtúnṣe náà. Ó dán an wò, ó tún un dán wò, ó dára. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló kù kó tẹ̀, kí ẹ̀dà tuntun lè jáde lọ bá gbogbo àwọn tó ń lo àpótí. Àràárọ̀ ló ń fi ìka sórí bọ́tìnì náà, àràárọ̀ ló ń rántí àwọn ọmọ tó ń sunkún. Á ní ó di ọ̀la. Bí Onípépà bá béèrè, á ní, "Ó kù díẹ̀, mo ṣì ń dán an wò." Onípépà gbà á gbọ́. Ó tilẹ̀ ti tún apá ti ilé ìpoògùn ṣe sílẹ̀, ó ń dúró de tirẹ̀. Oṣù kan lọ, oṣù méjì lọ.

Nígbà tó yá, Onípépà mú un lọ rí ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ìyá náà, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì Àgbà ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é. Ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní, àwọn bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ rí bíi ti wọ́ọ̀dù. Ó wo àlejò láti òkè délẹ̀.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ọmọ mi?"

Ó ṣàlàyé, ó ń kálòlò.

"Ohun tí a ò lè fojú rí, tí àwọn tí o ò mọ̀ ń lò káàkiri. Ṣé ẹ̀rù ò bà ẹ́?"

"Ó ń bà mí, mà."

Nọ́ọ̀sì Àgbà bu tíì fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun àti ọmọ rẹ̀ kó abọ́ wọ ilé ìdáná, àlejò gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete. "Kò sí ohun tó ṣe ọmọ náà, ó mọ̀wà hù. Àmọ́ kò nígboyà. Ẹni tí ojora máa ń mú báyìí, ọjọ́ tí o bá nílò rẹ̀ gan-an ni kò ní í lè ṣe nǹkan kan. Mo sọ tèmi o."

Ìyá Àpótí gbé kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun, nítorí ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé lẹ́yìn ìyẹn tí Onípépà fi dá a dúró lórí àtẹ̀gùn, láàárín àjà kejì àti ìkẹta. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kó dùn létí. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ìyá Àpótí ti mọ èsì. Ó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó fẹ́ pariwo rẹ̀. Àmọ́ ohùn Nọ́ọ̀sì Àgbà ń dún létí rẹ̀, bọ́tìnì tí kò tíì tẹ̀ ń wò ó, gbogbo irọ́ "ó kù díẹ̀" sì dí i lẹ́nu. Onípépà dúró. Àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, wọ́n ń ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́.

"Kò burú," ó sọ nígbẹ̀yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mi ò ní í béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe ìbínú o. Mo mọ̀ pé o gbọ́. Ìgbà tí èsì bá wà, wàá fún mi." Ó sì sìn ín dé ibi tó ti ń wọkọ̀, bó ṣe máa ń ṣe.

Oṣù kan kọjá. Ó ń bọ̀ lọ́sàn-án, wọ́n jọ ń jẹ búrẹ́dì, kò sì dárúkọ ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọjọ́ kan tí òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, fóònù rẹ̀ dún lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán díẹ̀. Onípépà ni. Àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti dá Nọ́ọ̀sì Àgbà dúró sí ilé ìwòsàn nítorí àtọ̀gbẹ, kí wọ́n lè bá a wá ojútùú sí ṣúgà ara rẹ̀ tó lọ sókè. Kò le, ó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣàwàdà.

"Wá," Onípépà ní. "Màmá ò dáhùn. A ń pè é, kò dáhùn."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sáré jáde sínú òjò.

Ní ọ́fíìsì kékeré Onípépà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́ọ̀dù, ó bá a níwájú kọ̀ǹpútà. Kò yíjú padà. Ó na ìka sí ìlà méjì lójú kọ̀ǹpútà náà. Orúkọ ìyá rẹ̀ ló wà nínú méjèèjì. Abẹ́rẹ́ tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ ló wà nínú méjèèjì, ìwọ̀n kan náà, ìṣẹ́jú kan péré sì ni ọ̀kan fi ṣáájú èkejì.

"Òjò mú kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì falẹ̀," ó ní. "Dókítà tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan. Ìbéèrè lọ lẹ́ẹ̀mejì. Aago méjì ni àwọn nọ́ọ̀sì ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀kan gún un tán, ó sáré lọ dá aláìsàn mìíràn lóhùn kó tó kọ ọ́ sílẹ̀, èkejì dé, ó rí i pé abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀, òun náà gún un. Ṣúgà ara Màmá ti já wálẹ̀." Ó wá yíjú sí i. "O ní ó kù díẹ̀."

Ó lè tún purọ́. Irọ́ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára.

"Ó ti parí," ó ní. "Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló ti parí. Bọ́tìnì ló kù kí n tẹ̀. Ẹ̀rù bà mí."

"Oṣù mẹ́ta."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Onípépà wò ó, ó wò ó. Ìbá sàn kó pariwo. "Jọ̀ọ́, lọ jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀," ó ní. "Mi ò lè wo ojú rẹ báyìí."

Ó lọ jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sí irú ibẹ̀ rí, ẹ mọ̀ ọ́n: àga ike tó tutù, ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì, ẹsẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kọjá kíákíá. Ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí ni ó ń dìde dúró. Bí ìyá náà bá kú, òun ló pa á. Bí kò bá tilẹ̀ kú, ọmọ rẹ̀ ti lọ. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó gba ohunkóhun lọ́wọ́ òun, kó ṣáà jẹ́ kí obìnrin náà lajú. Wákàtí kan lọ. Onípépà jáde lẹ́ẹ̀kan, ó gba iwájú rẹ̀ kọjá sí àtẹ̀gùn láìwò ó.

Ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù nígbà tí nọ́ọ̀sì kan yọrí. "Omi ṣúgà tí a fà sí i lára ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti lajú. Ta ni ọmọ kọ̀ǹpútà nínú yín? Wọ́n ní kó wá."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà sùn gbalaja, okùn omi wà ní apá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Ọmọ mi wà níbí nígbà tí mo lajú, ó ní ìwọ lo kọ ọ́."

"Èmi ni, mà. Àtúnṣe rẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ mi fún oṣù mẹ́ta, mi ò gbé e síta. Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ dárí jì mí, mà. Bí ẹ ò bá lè dárí jì mí náà, mi ò ní í dá yín lẹ́bi."

"Jókòó. Ọrùn ń ro mí bí mo ṣe ń wò ẹ́ lókè." Ó jókòó. "Àtúnṣe ọ̀hún, kí ló máa ń ṣe?"

"Ó ń fi nọ́ńbà sára ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, mà. Bí àpótí bá tún ìbéèrè rán, nọ́ńbà àkọ́kọ́ náà ló máa gbé dání. Ilé ìpoògùn á wo nọ́ńbà yẹn, á ní, 'Mo ti gba èyí', kò sì ní í gbà á mọ́."

"Ìwé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì nìyẹn," Nọ́ọ̀sì Àgbà ní. "A kì í gún ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ wo ìwé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, bóyá wọ́n ti gún un." Ó pa ojú dé. "Èmi náà ti ṣe é rí."

"Mà?"

"Mo gún aláìsàn kan lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Baba kan tó máa ń pè mí ní ìyàwó rẹ̀ kékeré. Ọlọ́run ló yọ mí, kò kú. Mi ò sọ ọ́ fún ọmọ mi rí, mi ò sọ ọ́ fún baba rẹ̀ kó tó lọ. Mo kọ lẹ́tà pé mi ò ṣe nọ́ọ̀sì mọ́, mo fi í sápò, mo sì gbé e wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mi ò fún ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n gún àwọn tó kàn. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ọmọ mi, kò sí ọjọ́ kan tí ẹ̀rù ò bà mí kí n tó gún èèyàn. Ta ló sọ fún ẹ pé ìbẹ̀rù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kí o tó ṣe ohun tó yẹ kí o ṣe?"

Ìyá Àpótí ń sunkún, kò tilẹ̀ nu ojú.

"O gbọ́ ohun tí mo sọ ní ilé ìdáná lọ́jọ́ náà, àbí o ò gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Ìbẹ̀rù tèmi ni mo rí lójú rẹ, inú sì bí mi." Ó mira díẹ̀ lórí ìrọ̀rí. "Kọ̀ǹpútà rẹ ńkọ́? Ó wà nínú báàgì yẹn? Ṣí i."

Ó ṣí i lórí orúnkún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó tún gbogbo rẹ̀ dán wò láti orí dé ìdí. Ó gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Nọ́ọ̀sì Àgbà sì ń wò ó láìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo àwọn tó ń lo àpótí yóò rí. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan bò ó: "Ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ lè rán ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti pa ẹnì kan lára lónìí. Ẹ̀bi mi ni. Àtúnṣe yìí ti wà lọ́wọ́ mi fún oṣù mẹ́ta, ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n gbé e síta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á nísinsìnyí."

Ìka rẹ̀ dé orí bọ́tìnì, ó dúró.

"Ẹ̀rù ń bà mí, mà."

"Mo rí i. Tẹ̀ ẹ́ tòun tẹ̀rù náà."

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ariwo, kò sí ohun tó wó. Òjò ṣáà ń rọ̀ lójú fèrèsé. Nọ́ọ̀sì Àgbà ní, "O ṣeun," ó sì yíjú sí ògiri kó lè sùn.

Nígbà tó jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, kò rí Onípépà. Ó lọ dúró sẹ́nu àtẹ̀gùn, nítorí ibẹ̀ ló máa gbà. Ó dúró títí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni nǹkan ti dún, ilẹ̀kùn lífítì sì yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Onípépà ló wà nínú rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, òógùn bò ó lójú, ó di irin ẹ̀gbẹ́ mú gírígírí.

"O gun lífítì," Ìyá Àpótí ní.

"Mo wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ sí. Mo rí ohun tí o kọ." Ó jáde. "Mo ní bí mo bá gba àtẹ̀gùn, ó máa pẹ́ jù."

"Ṣé o ṣì ń bínú?"

"Mò ń bínú. Ó máa ṣe díẹ̀ kó tó tán." Ó nu ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè kà á. Mo mọ ohun tí ìyẹn gbà lọ́wọ́ rẹ. Mo ti fi ẹ̀dà tuntun síbẹ̀. Oògùn ìrọ̀lẹ́ Màmá ló fẹ́ lọ báyìí. Wá, ká jọ wò ó."

Wọ́n dúró lẹ́yìn dókítà ní tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì. Òjò tún ti le sí i. Dókítà tẹ bọ́tìnì. Èsì kò dé. Àmì kékeré tó ń yí po ń yí, ó ń yí. Ìyá Àpótí gbá ọwọ́ mọ́ ẹnu. Àpótí ti rò pé ìbéèrè sọnù. Lójú wọn níbẹ̀ ló tún un rán. Onípépà wá ọwọ́ rẹ̀ kàn, ó dì í mú.

Èsì dé. Lójú kọ̀ǹpútà ilé ìpoògùn, orúkọ Nọ́ọ̀sì Àgbà wà níbẹ̀, oògùn rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìlà kan ni. Wọ́n dúró kí ìṣẹ́jú kan kọjá, wọ́n dúró kí ìkejì kọjá. Ìlà kan náà ni.

Dókítà dìde, ó lọ bá iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò tíì kúrò lójú kan.

"Ìbéèrè kan wà lọ́wọ́ mi," Ìyá Àpótí ní, "ó ti lé ní oṣù kan tó ti wà níbẹ̀."

Onípépà yíjú sí i.

"Ó dé ọ̀dọ̀ mi. Ọjọ́ náà gan-an ló dé. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n fèsì, ẹ̀rù sì ń bà mí di ìsinsìnyí tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni. Màá fẹ́ ẹ."

Ojú Onípépà pọ́n, ó fà á mọ́ra. "Ṣé kí n tún un..."

"Má tún un béèrè, olólùfẹ́ mi. Mo ti dáhùn."

Láti inú wọ́ọ̀dù, níbi tí gbogbo wọn rò pé Nọ́ọ̀sì Àgbà ti sùn lọ, ohùn kan jáde, kò lágbára ṣùgbọ́n ó dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa. "Ó ti gbọ́! Èmi náà ti gbọ́! Kí ẹnì kan nínú yín wá fún mi lómi mu."